Ẹ Lò Ó Ná Kẹ́ Ẹ Tó Tà Á

Affiliate marketing tí ẹ ń bi wá kò le: ẹ fi link ọjà ọlọ́jà sórí WhatsApp, ẹni tó bá gba ibẹ̀ rà á, wọ́n á fún yín ní kọmíṣọ̀n. Tó bá jẹ́ 5%, ẹ̀rọ ìfínko ₦40,000 á mú ₦2,000 wá.

Àmọ́ tí ẹ̀rọ yẹn bá ń jo oògùn sẹ́yìn oníbàárà, kò mọ ilé-iṣẹ́ kankan o, ẹ̀yin tó ń rí lọ́jà ni yóò dì mú. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ẹ fi fín oko tiyín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ máa rí nǹkan níbẹ̀.

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, lójú tiwa, ẹ má dá a lóhùn.