Ẹ Má Sun Ewé Yẹn Mọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Tayi Village àti gbogbo Yorùbá tó wà ní Minna.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó dé títì, èéfín mẹ́rin ni mo kà. Kì í ṣe pé ilé ń jó o. Àwa náà ni. A gbálẹ̀ tán, a kó ewé máńgòrò àti ewé dóńgóyárò jọ, a ṣáná sí i. Tó bá di àsìkò òjò, àwa kan náà la ó máa wá fataláísà kiri ọjà, tí a ó máa ní ilẹ̀ Minna ti ṣá, ewédú ò dàgbà, ilá kàn ń ta òdòdó lásán. Ọlọ́jà ni mí, owó ni mo kọ́kọ́ máa ń wò nínú ọ̀rọ̀. Ohun tí a sun lẹ́yìn ilé la tún ń lọ fowó rà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Ajílẹ̀ ni eérú náà." Òótọ́ ni, ó ní ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n náítírójìn, ìyẹn ohun tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀, tí ẹ ń torí ẹ̀ ra yúríà, ó ti bá èéfín lọ. Eérú ò ní in.

Ilẹ̀ kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀ lásán, ohun ẹlẹ́mìí ló kún inú ẹ̀. Ekòló lẹ mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ojú ò rí ló pọ̀ jù: bakitéríà, àti àwọn ìbátan olú tó máa ń ta bí òwú funfun lábẹ́ ewé tó ti ń jẹrà. Àwọn ló ń jẹ ewé, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ilẹ̀dú. Àwọn àgbà ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Ekòló wo ló fẹ́ dúró níbi tí a gbá mọ́ tónítóní, tí oòrùn ń pa láti oṣù kọkànlá? Òjò àkọ́rọ̀ á kàn ṣàn kọjá lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ fa ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà kan tu nígbà tó bá ń ta òdòdó, kí ẹ wo gbòǹgbò ẹ̀. Ẹ ó rí kókó wẹ́wẹ́. Ẹ fi èékánná là á. Tí inú ẹ̀ bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, àwọn bakitéríà inú ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, wọ́n ń fa náítírójìn látinú afẹ́fẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní ti sóyà, èyí tó bá a mu lè má pọ̀ nínú ilẹ̀ wa, ìdí nìyẹn tí IITA ní Ìbàdàn fi ṣe NoduMAX tí wọ́n ń pò mọ́ irúgbìn sóyà kí wọ́n tó gbìn ín. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n sóyà ló wà fún, kì í ṣe tẹ̀tẹ̀ àti ata. Ẹ ṣọ́ra fún oògùn ilẹ̀ inú ìgò tí wọ́n máa ń gbé kiri. Ohun ẹlẹ́mìí tó ti jókòó sínú oòrùn ọjà fún oṣù mẹ́ta, òkú lẹ rà. Ká tiẹ̀ ní ó ṣì wà láàyè, tí ẹ bá dà á sórí ilẹ̀ tí kò ní ewé, tí kò ní ìgbẹ́ ẹran, ebi ni yóò pa á.

Ohun tí èmi ń ṣe rèé. Ibi ìbòòji lẹ́yìn ilé ni. Agbọ̀n ewé gbígbẹ mẹ́ta, màá da agbọ̀n kan nǹkan tútù lé e: èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, koríko, ìgbẹ́ màálù tàbí ti adìyẹ. Màá wọ́n omi sí i. Mo mọ̀ pé omi mai ruwa wọ́n lásìkò yìí, omi tí ìyàwó mi fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀wà ni mo ń lò. Tó bá di ọjọ́ mélòó kan, ẹ ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀, ẹ ó rí i pé ó gbóná. Mò ń yí i lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀. Tó bá ń rùn, omi ti pọ̀ jù, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un. Èyí tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kìíní, á ti ṣe é lò tí òjò bá dé. Ẹ má da ìgbẹ́ adìyẹ tútù sídìí ẹ̀fọ́ o. Mo ṣe é rí, ebè tẹ̀tẹ̀ méjì ló jó mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kó ilẹ̀ ààtàn, mo mọ̀ pé ẹ̀fọ́ máa ń ṣe dáadáa lórí ẹ̀. Ààtàn ayé àwọn bàbá wa, eérú àti èèpo ló wà níbẹ̀. Ti òde òní, náílọ́ọ̀nù àti bátìrì mọ́tò wà níbẹ̀, òjé sì wà nínú bátìrì. Òjé yìí náà ló pa ọmọdé 28 ní Shikira, ní Rafi, ìpínlẹ̀ wa níbí, lọ́dún 2015, látara góòlù tí wọ́n ń wà. Kì í jẹrà, kò sí bakitéríà tó lè jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí jù ni èyí tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu tiwa: "Ilẹ̀ ò kúkú jẹ́ tiwa, ilé lánlọ́ọ̀dù ni, a ó padà sílé lọ́jọ́ kan." Ẹ ti ń sọ ọ́ láti ogún ọdún, ọmọ yín tí wọ́n bí síbí ti wọ yunifásítì. Lẹ́bàá ọ̀dọ̀ wa, ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ọmọ Nàìjíríà kan, àlùfáà Godfrey Nzamujo, ló dá Songhai sílẹ̀ lọ́dún 1985. Àjèjì ni níbẹ̀. Ìgbẹ́ ẹran àti pàǹtírí oko tí àwọn mìíràn ń dà nù ni wọ́n fi ń bọ́ ilẹ̀ wọn níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ń wá kọ́ ọ láti ibi púpọ̀. Tí lánlọ́ọ̀dù bá tiẹ̀ lé yín, ṣebí ilẹ̀dú yẹn ṣe é rọ sínú àpò gbé lọ? Ẹ gbé e pẹ̀lú ìkòkò yín.

Òkìtì tèmi wà lẹ́yìn ilé, ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó wá lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn. Tí ẹ bá ní ewé tí ẹ fẹ́ sun, ẹ gbé e dání. Ẹ ṣáà bá mi ṣa náílọ́ọ̀nù inú ẹ̀ kúrò kí ẹ tó dé.