Epo pupa kọ́ ni oògùn ajá tó gbé ọ̀rá mì

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ọlọ́jà, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Tí ajá oko bá gbé ọ̀rá tàbí okùn mì, ohun tí ẹ óò máa gbọ́ ni: "Ẹ da epo pupa sí i lẹ́nu, á bì í." Irọ́ ni o! Epo tí ẹ fi tipátipá rọ ajá lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn nìkan tó láti pa á. Epo kì í sì í tú okùn tó ti lọ́ mọ́ ìfun.

Ẹlòmíì á rí okùn ní ìdí ajá, á fà á. Ẹ má dán an wò! Okùn yẹn lè ya ìfun nínú lọ́hùn-ún.

Àwọn kan á ní, "Ajá ṣáà ni, kò sóhun tí kò lè jẹ." Ajá yẹn kan náà ló ń ṣọ́ ewúrẹ́ yín lóru, òun ló ń lé ọ̀yà kúrò nínú ẹ̀gẹ́ yín o.

Tó bá ń bì léraléra, tí kò jẹun, tí kò yàgbẹ́, tí ikùn rẹ̀ le, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró dọ̀la. Kí ẹ sì ṣa ọ̀rá pure water àti okùn àpò kúrò nílẹ̀ oko. Àwa la jù ú síbẹ̀, kì í ṣe ajá.