Bíbẹ́ Orí Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́

Àwọn baba wa wí pé bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń fi òwe yìí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n a kò mọ̀ pé a ó fi ojú ara wa rí ẹni tí yóò fẹ́ bẹ́ orí náà.

Ọ̀rẹ́ wa kan wà, gbẹ́nàgbẹ́nà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí ó ti kan àga àti tábìlì fún wa ní Ọ̀yọ́ fún ọdún púpọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ẹnu rẹ̀ wọ́, apá ọ̀tún tí ó fi ń fa ayùn kò sì lè gbéra mọ́. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò fi àkókò ṣòfò. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ tààrà. Wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú orí rẹ̀, wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ dídì ni ó dí ọ̀nà, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Kí oṣù kẹta tó pé, ó ti ń fi ọ̀pá rìn, ó sì ti ń di òòlù mú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi oògùn kan kún ti àtẹ̀yìnwá, orí sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ó fara dà á fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin ó kó gbogbo oògùn rẹ̀, ti ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú, ó dà wọ́n sí ààtàn. Oògùn orí fífọ́ ni ó wá ń rà ní ìsọ̀ lójoojúmọ́. Kò pé oṣù méjì tí apá náà tún fi rọ fún bí wákàtí kan kí ó tó padà bọ̀ sípò. Ìkìlọ̀ ni èyí jẹ́. Nígbà tí a lọ kí i, tí a sì bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó dáhùn pé: "Alùfáà, ẹ dákun, ẹ má bínú. Wọ́n kọ nǹkan sí ara páálí rẹ̀, èdè òyìnbó ni. Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi pé oògùn tí yóò mú mi rìn lè fọ́ mi lórí."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá dé ọkàn, nítorí pé òtítọ́ ni. Oògùn tí à ń pè ní dipyridamole, tí wọ́n máa ń fún ẹlòmíràn pẹ̀lú aspirin kí ẹ̀jẹ̀ má baà tún dì, a máa fa orí fífọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó ń mú kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ fẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni nifedipine, ọ̀kan nínú àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, orí fífọ́ náà a máa rọlẹ̀ bí ara bá ti mọ oògùn náà lára. Bí kò bá sì rọlẹ̀, dókítà lè dín in kù kí ó sì máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún àrùn tí ó ti mọ ọ̀nà ilé rẹ̀.

Oògùn orí fífọ́ tí à ń gbé mì lójoojúmọ́ kì í sì í ṣe ààbò. Ẹni tí orí máa ń tètè fọ́, bí ó bá ń lò ó ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù, fún oṣù tí ó ju mẹ́ta lọ, oògùn náà fúnra rẹ̀ lè di ohun tí ń fọ́ ọ lórí. Ibuprofen àti irú rẹ̀ tilẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ ru, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni baba àrùn yìí. Ìwádìí kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólàbí ti Ìbàdàn ṣíwájú rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2018, fi 2,118 ènìyàn tí àrùn náà kọ lù ní Nàìjíríà àti Gánà wé iye kan náà tí kò kọ lù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ṣáájú gbogbo ohun tí ó ń fà á.

Ẹ̀yin ará wa, a kò wí pé kí a fi ojú kékeré wo orí fífọ́. Èyí tí ó bá dé lójijì bí ààrá, tàbí tí ẹnu wíwọ́, apá rírọ tàbí ọ̀rọ̀ tí kò já gaara bá bá a wá, kì í ṣe ohun tí à ń dúró wò: ilé ìwòsàn ni kí a sáré lọ lójú ẹsẹ̀.

Ta ni ó jẹ̀bi nínú ọ̀ràn ọ̀rẹ́ wa? A kò dá òun nìkan lẹ́bi. Láti ọdún 1907 tí Dókítà George Green ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni iṣẹ́ ìwòsàn Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti wà níbẹ̀. Ilé ìwòsàn náà sì di ti Yunifásítì Bowen ní ọdún 2009. Ní Ọ̀yọ́, láti ọdún 1896 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó mú ìwé kíkà dé ìlú àti ìletò. Èdè tí ó ní ẹ̀fọ́rí, tí ó ní túúlu, tí ó sì ní òòyì, kò ha lè gba ìkìlọ̀ ìlà mẹ́ta bí?

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí a sọ ohun mẹ́ta ní èdè Yorùbá fún olúkúlùkù aláìsàn kí ó tó kúrò ní ilé ìwòsàn, kí a sì kọ ọ́ fún un: iṣẹ́ tí oògùn rẹ̀ ń ṣe, ìnira tí ó lè kọ́kọ́ mú wá, àti àmì tí ó gbọ́dọ̀ mú un padà wá kíákíá. Kí ẹgbẹ́ wa tẹ irú ìwé pélébé bẹ́ẹ̀. Kí àwọn olùkọ́ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ sì kà á sí etí àwọn àgbà tí kò mọ̀wé. Ní ti àwa fúnra wa, kí a má ṣe da oògùn nù kí a tó béèrè.

Gbẹ́nàgbẹ́nà wa ti padà sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n tún oògùn rẹ̀ tò, orí fífọ́ náà sì lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ó fi àpótí ìjókòó kékeré kan ránṣẹ́ sí wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n orí ọ̀rẹ́ wa wà ní ọrùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́.