Ẹ Ka Ọwọ́ Tí Ó Ya Á

Lóṣù yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí àpótí aṣọ ìyá yín. Bóyá ẹ ó bá àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan nísàlẹ̀ rẹ̀, èyí tí a ń pè ní Ìbàdàn Dùn. Ẹ má tíì sọ ọ́ di aṣọ ìnulẹ̀.

Ẹ tẹ́ ẹ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ ó rí àwọn òpó Gbọ̀ngàn Màpó tí a ṣí ní 1929, àti ṣíbí láàárín wọn. Bí ẹ bá gba Bẹẹrẹ lọ sí Ọjà'ba, ẹ ó rí i pé òpó Màpó gan-an dúró ṣánṣán. Ti orí aṣọ kò rí bẹ́ẹ̀; kò sí méjì tí ó dọ́gba. Ṣé oníṣẹ́ náà kò mọ iṣẹ́ ni? Rárá o.

Ìyẹ́ adìyẹ ni ó ń tì bọ inú ẹ̀kọ láfún tí a fi álọ́ọ̀mù sè, tí ó sì fi ń ya aṣọ láìlo rúlà. Ibi tí ẹ̀kọ bá dé, aró kò ní í mu ún. Bí ìlà bá nípọn níbẹ̀rẹ̀ tí ó tín-ín-rín lópin, ẹ̀kọ ń tán lẹ́nu ìyẹ́ nìyẹn. Bí ó bá ní kókó, ọwọ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá yí geere, ọwọ́ yá, ọkàn sì balẹ̀. Èyí kì í ṣe àìbìkítà. Ọwọ́ tí ó ti mọ iṣẹ́ kára ni, bí ìyá tí ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ láìwọ̀n ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń ka àwòrán yíǹkì tí kò jọ ènìyàn tàbí igi. Uche Okeke, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ Mbari tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1961, fi yíǹkì ya ìlà tí ó mú láti inú uli, èyí tí àwọn obìnrin Ìgbò, títí kan ìyá rẹ̀, máa ń yà sí ara àti ògiri. Ẹ má kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí ni èyí?" Ẹ béèrè ibi tí ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ó ti sáré, àti ibi tí ó ti sinmi.

Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní àwòrán àdìrẹ kò ní irú ìtàn yìí; òpó kan náà ni yóò máa tún ara rẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ya àdìrẹ kò kọ orúkọ sí i. Ìlà wọn nìkan ni ó kù tí a fi lè mọ̀ pé wọ́n wà. Nítorí náà, ẹ fi omi tútù fọ aṣọ náà, ẹ sá a síbòòji, kí ẹ sì pe ọmọbìnrin yín wá kà á.