Ìka Tó Ń Yan Òṣìṣẹ́

Kí aago 7 òwúrọ̀ tó lù, àwọn tó ń wá iṣẹ́ òòjọ́ á ti máa dúró lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ ní Ìlúpéjú, l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n ti ń po oògùn, tí wọ́n ti ń di ọjà sí páálí. Súpáfáísọ̀ á jáde, á na ìka: ìwọ, ìwọ, ìwọ tó wọ búláòsì pupa. Ẹni tí ìka bá fò, ó di ọ̀la nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ fífi ìbálòpọ̀ yọ òṣìṣẹ́ lẹ́nu fi ṣòroó dá, ìka yẹn ni kó tẹjú mọ́.

Àwọn kan ní ariwo ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin. Wọ́n ní ṣebí àwa Yorùbá la máa ń pe ọmọ ọwọ́ ní "ọkọ mi", tí bàbá arúgbó á pe ọmọbìnrin tó ń ta omi ní "ìyàwó mi", tí kò sẹ́ni tó ń pe ọlọ́pàá. Wọ́n ní tọkọtaya tó pàdé níbi iṣẹ́ kò lóǹkà, àti pé bí ọkùnrin kò bá lè dẹnu ìfẹ́ kọ obìnrin tó ń rí lójoojúmọ́, ṣé inú dáńfó ni kó ti lọ wá a? Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbésọnù. Ibi iṣẹ́ tí ènìyàn ti ń ro àwàdà lẹ́ẹ̀mejì kó tó dá a kì í tura.

Ṣùgbọ́n òfin Èkó kò bá àwàdà jà. Òfin ìwà ọ̀daràn tí ìpínlẹ̀ náà ṣe ní 2011 ń sọ̀rọ̀ nípa ìwà ìbálòpọ̀ tí ẹni tí wọ́n hù ú sí kò fẹ́, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, ìbáà jẹ́ àwòrán, ìbáà jẹ́ ọwọ́, tó sì kan iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ onítọ̀hún, tàbí tó sọ ibi iṣẹ́ di ibi ìbẹ̀rù fún un. Ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ló wà fún un. Bí ó ti yé mi sí, ohun tó tẹ̀lé "rárá" ló ń fi àwàdà hàn yàtọ̀. Ọkùnrin dẹnu ìfẹ́ kọni, wọ́n ní rárá, ó rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì: kò sẹ́jọ́. Wọ́n ní rárá, ìka wá bẹ̀rẹ̀ sí í fo búláòsì pupa: ẹjọ́ dé. Èyí tó tún ṣòro jù ni "bẹ́ẹ̀ ni" tó jẹ́ pé owó ilé ló sọ ọ́. Ti ẹni tó kàn lọ fọwọ́ kan ara akẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ kò nílò àlàyé púpọ̀. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kò mọ sí ilé-iṣẹ́. Ní December 2018, àwọn ọ̀dọ́bìnrin rìn wọ ọjà Yábàá pé kí àwọn ọlọ́jà yé fa àwọn lára. Àwọn kan nínú ọjà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọlọ́jà kan gbà pé ọwọ́ fífà ni wọ́n fi ń pe oníbàárà, àfi bí ẹni pé ẹnu wọn kò gbọ́ "ẹ wá rajà".

Kí wá ni kí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ṣe? Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ jù ni pé kó dákẹ́, kó wá iṣẹ́ síbòmíràn. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Tẹ́lẹ̀, ojo ni mo máa ń pe irú ìmọ̀ràn yìí. Nísinsìnyí mo rí i pé ìṣirò ni. Kásúà, òṣìṣẹ́ òòjọ́ tí alágbàṣe kó wá, kò tilẹ̀ mọ ẹni tó gbà á síṣẹ́ gan-an. Bó bá fẹjọ́ sùn, wọ́n lè ní kó má wá lọ́la, kò sì sí lẹ́tà ìdánidúró tó máa mú dání. Nílé, ọkọ lè béèrè pé kí ló ṣe fún ọ̀gá tí ọ̀gá fi dójú lé e. Ẹni tó bá ń sọ fún un pé kó pariwo gbọ́dọ̀ lè dáhùn pé ta ni yóò san owó ilé oṣù tó ń bọ̀.

Síbẹ̀, àwọn tó ní kó sọ náà ní ẹ̀rí tiwọn. Ní December 2013, Ilé-ẹjọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ ní Èkó dá obìnrin kan láre tó pe Microsoft Nàìjíríà àti ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́ pé ọ̀gá náà fi ìbálòpọ̀ yọ òun lẹ́nu, wọ́n sì ní kí wọ́n san owó tó lé ní mílíọ̀nù 13 náírà fún un. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà kò dárúkọ irú ìyọlẹ́nu yìí rárá. Àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2011 ló gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lé kóòtù náà lọ́wọ́, àwọn àdéhùn àgbáyé ni adájọ́ sì fi kún un. Obìnrin náà ní iṣẹ́ ọ́fíìsì, ó sì rí lọ́yà. Ìyẹn kò sọ ẹjọ́ rẹ̀ di kékeré, àmọ́ ó jìnnà sí ẹnu géètì. Ohun tó sún mọ́ géètì ni Àdéhùn 190 ti ILO, àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ti ọdún 2019, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2022: ó kan kásúà, ó kan ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ àti ẹni tó ń wáṣẹ́, ó tilẹ̀ kan ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà lọ síbi iṣẹ́.

Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ńkọ́? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ní October 2019, BBC gbé fídíò tí wọ́n fi kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ yà jáde nípa àwọn olùkọ́ yunifásítì tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé wọ́n ń fi ìbálòpọ̀ yọ àwọn ọmọbìnrin lẹ́nu, àwọn ti Unilag ní Akọka sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí olùkọ́ méjì lọ rọ́kún nílé. Ọdún 2021 ni wọ́n tó lé wọn. Láàárín ìgbà náà, ní 2020, ilé aṣòfin àgbà buwọ́ lu àbádòfin kan lórí ìwà yìí nílé-ẹ̀kọ́ gíga, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, sì takò ó pé olùkọ́ nìkan ni wọ́n dójú sọ, nígbà tí òfin mìíràn ti wà nílẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn pé kámẹ́rà kì í ṣe adájọ́. Ṣùgbọ́n ibo ni ẹjọ́ wà kí kámẹ́rà tó dé? Àwọn ọmọbìnrin dúró, àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn dúró. Ẹni tó mọ́ ì bá tètè bọ́, ẹni tó jẹ̀bi ì bá tètè lọ.

Ohun tí mò ń sọ fún àwọn tó bá bi mí ni pé kí wọ́n ra ìwé kékeré: ọjọ́, aago, ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ gan-an, ẹni tó wà nítòsí. Kí wọ́n má pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́. Èkó ní àjọ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, DSVA, bí ènìyàn kò bá tíì fẹ́ lọ bá ọlọ́pàá. Ìwé náà kì í gbe ẹnìkan: bí ó bá jẹ́ irọ́, ọjọ́ tí ọ̀gá kò sí níbi iṣẹ́ á tú u. Àmọ́ ìdajì ẹ̀rí wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Òfin iṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn láàárín oṣù 3, kásúà mélòó ló ń rí i gbà? Bí géètì bá ní ìwé tí wọ́n ń kọ sí láràárọ̀ pé ta ni wọ́n yàn, ta ló yàn án, a ó rí ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fo búláòsì pupa. Ní ọ̀pọ̀ géètì, ìka nìkan ló wà.