Ẹni Tó Pa Akọ Kìnnìún Kan, Ọ̀pọ̀ Ló Pa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Síbẹ̀ a máa ń pe kìnnìún ní ọba ẹranko, bí ẹni pé òun nìkan ló ń dá jọba láìní ará, láìní ìjòyè. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn tó ti ń tọ kìnnìún lẹ́yìn láti ọjọ́ pípẹ́ ti fi hàn pé òwe yẹn bá kìnnìún pàápàá wí.

Ní 1966 ni George Schaller bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ọ̀dàn Serengeti ní ilẹ̀ Tanzania. Ní 1978, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ Craig Packer àti Anne Pusey. Àmì dúdú tóótòòtó tó wà ní ìdí irunmú kìnnìún ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Àmì yìí dà bí ilà ojú, ṣùgbọ́n ti ọ̀kan kì í jọ ti èkejì. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ ìyá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ.

Kí ni wọ́n rí? Abo ló ni ilẹ̀. Ìyá, ọmọbìnrin àti àwọn àbúrò ìyá a máa gbé pọ̀ láti ìran dé ìran, wọn a sì máa bá ara wọn fún ọmọ lọ́mú. Àlejò ni akọ. Bó bá ti ń bàlágà, yóò kúrò nílé, òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ yóò sì di alárìnkiri. Akọ méjì tàbí mẹ́ta tí kò bára tan lè fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Bí wọ́n bá tó mẹ́rin sókè, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Wọn kì í sábà lò ju ọdún méjì sí mẹ́ta lọ lórí agbo kan. Bí àwọn akọ tuntun bá ṣẹ́gun wọn, ọmọ kéékèèké tí wọ́n bá nílẹ̀ ni wọn yóò pa, kí àwọn ìyá lè tètè lóyún fún wọn.

Ní Sabi Sand ní Gúúsù Áfíríkà, akọ mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní Mapogo ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2006. Wọ́n pa akọ, wọ́n pa ọmọ. Ní 2010, àwọn akọ mìíràn kó ogun bá wọn. Nígbà tí 2012 fi parí, ìjọba wọn ti tú. Ìjà kìnnìún nìyẹn. Ìbọn ènìyàn ni èmi ń bá wí.

Ní 2015, ọdẹ olówó kan láti Amẹ́ríkà pa Cecil lẹ́yìn igbó ìjọba Hwange ní Zimbabwe. Gbogbo ayé pariwo. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ kí a bi ni pé: ta ló kù tí yóò dáàbò bo àwọn ọmọ rẹ̀? Orí bá wọn ṣe é pé Jericho, akọ tí òun àti Cecil jọ ń ṣọ́ ilẹ̀, ṣì wà láàyè nígbà náà. Bí kò bá sí Jericho ńkọ́?

Àwọn kan ń sọ pé owó ọdẹ ni kì í jẹ́ kí a sọ igbó di oko. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-gbọ́-dànù. Ṣùgbọ́n ní 2004, Packer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí a óò bá tilẹ̀ pa akọ, kó jẹ́ èyí tó ti tó ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbọ́njú. Imú kìnnìún a máa dúdú sí i bó ti ń dàgbà, ọdẹ sì lè fi èyí mọ̀. Lójú tèmi, ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti tọ kìnnìún lẹ́yìn, kí ìbọn má dún níbẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá nílé. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ṣírò pé kìnnìún tó kù ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ju nǹkan bí 400 lọ. Ní Nàìjíríà, Yankari àti Kainji nìkan ni wọ́n ti rí wọn. Níbi tí wọ́n kéré tó báyìí, pípa akọ kan lè sọ odidi agbo di aláìláàbò. Ẹ jẹ́ kí ìjọba rán àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé lọ síbẹ̀, kí wọ́n mọ kìnnìún wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fún wọn lórúkọ. Bí ọba bá wàjà, ìlú a máa mọ̀. Kìnnìún tí a kò mọ̀, ta ni yóò mọ̀ pé ó ti lọ?