Ẹ dín fúlù láìtì yín kù, ẹ̀yin awakọ̀ Ìgbẹ̀ìn

Bí NẸ́PÀ bá ti mú iná lọ lálẹ́ ní Ìgbẹ̀ìn, níbí l'Abẹ́òkúta, fúlù láìtì ni onímọ́tò àti ọlọ́kadà ń tàn síra wọn lójú. Ìwà yìí ò dáa, ó sì lè pààyàn.

Ojú lọba ara, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ pín sí méjì. Àárín ojú ló ń kàwé, tó ń mọ àwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ló fẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń ríran nínú òkùnkùn. Ẹ wo ìràwọ̀ kékeré: tí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn, á pòórá, tí ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á tún yọ. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ni àárín ojú fi ń mọ́ òkùnkùn lára. Ti ẹ̀gbẹ́ lè tó ìṣẹ́jú 30. Fúlù láìtì kan péré ti tó láti ba iṣẹ́ yẹn jẹ́.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú yìí náà ló yẹ kó tètè rí ọmọ tó fẹ́ sọdá títì. Tí awakọ̀ tẹ́ ẹ tànná sí lójú bá gbá ọmọ náà, lójú tèmi, ẹ̀bi yín wà ńbẹ̀.

Tí wọ́n bá tàn án sí yín, ẹ rọra sáré, kẹ́ ẹ wo etí títì lápá ọ̀tún. Ẹ má tan tiyín padà.